Kọ́bọ́ọ̀dù Mẹ́sàn-án Tí A Ní Kí Àwọn Ìyá Ìbejì Dá Padà

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí a gbọ́ pé kọ́bọ́ọ̀dù tí bàbá mi kàn ti wó lu ọmọ ọlọ́mọ ní Igbó-Ọrà. Aago náà dá mi lójú, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọrùn ọwọ́ mi ni. Aago tuntun ni, bàbá mi ló rà á fún mi nígbà tí mo gboyè jáde, mo sì ń wò ó ju bó ti yẹ lọ. Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún títì ni. Mo wà nílé, mò ń retí ìwé tí yóò sọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọn yóò gbé mi lọ láti kọ́ni. Bí mo bá gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ níta, àyà mi á já pé ìwé ti dé. Bí n kò bá gbọ́, á tún já pé kò ní í dé mọ́. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń tètè balẹ̀.

Aládùúgbò kan ló sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, gèlè rẹ̀ ní ọwọ́.

“Bàbá Káfíńtà, ẹ máa bọ̀ o! Kọ́bọ́ọ̀dù yín ti wó lu ọmọ Ìyá Ìbejì Oníbúrẹ́dì!”

Bí ẹ bá pe Ìyá Ìbejì lásán ní ìlú wa, obìnrin mẹ́fà lè dá yín lóhùn láàárín ojúlé mẹ́ta. Nítorí náà ni a ṣe ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn kún un. Oníbúrẹ́dì ni èyí, ọkùnrin sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, wọn kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Bàbá mi mú ayùn lọ́wọ́. Kò gbé e sílẹ̀. Ayùn yẹn ló gbé la ìlú já títí a fi dé ibẹ̀, n kò sì rò pé ó mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan.

Àwọn ènìyàn ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò lórí ọmọ kí a tó dé. Ó dojú bolẹ̀ láàárín yàrá, aṣọ ọmọdé fọ́n ká. Apá òsì ọmọ náà ti ṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fi igi pẹlẹbẹ méjì há apá náà láàárín, ó fi báńdéèjì dì í, ó ní egungun ọmọdé máa ń tètè jiná. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni ti èkejì rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tó rí báńdéèjì, ó bú sẹ́kún, kò sì dákẹ́ títí ìyá wọn fi ya etí ìborùn rẹ̀, tó fi di apá òsì tirẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, wọ́n ń wo apá ara wọn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. 

Mo ní láti ṣàlàyé kọ́bọ́ọ̀dù yìí, nítorí èmi ni mo ya àwòrán rẹ̀.

Nígbà tí mo wá sílé fún ìsinmi ní ọdún méjì ṣáájú, bàbá mi ń kan kọ́bọ́ọ̀dù bí àwọn baba ńlá káfíńtà ti ń kàn án: ó fẹ̀ nídìí, ó wúwo, ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e. Èmi ti rí irú èyí tó wà nílé àwọn olùkọ́ wa ní yunifásítì, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, wọ́n ga, wọ́n sì rẹwà. Mo ya ọ̀kan fún un lórí ìwé. Mo ní kí ó ṣe dúrọ́ọ̀ ńlá méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lókè, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ìyá ìbejì má bàa máa da aṣọ wọn pọ̀. Bàbá mi wo ìwé náà pẹ́.

“Ẹsẹ̀ yìí tín-ín-rín o.”

“Bàbá, báyìí ni wọ́n ń ṣe é níbi tí ojú ti là.”

“Ṣé ibi tí ojú ti là yẹn, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í fa nǹkan lulẹ̀ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó kàn án. Inú mi dùn débi pé mo rò pé mo ti fi ẹ̀kọ́ mi ran òbí mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo ń fẹ́ jù láyé nìyẹn. Ó kan mẹ́sàn-án, ìyá ìbejì mẹ́sàn-án ló sì rà wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn, bí a ti ti ilé ìwòsàn dé, bàbá mi gbé kọ́bọ́ọ̀dù Oníbúrẹ́dì nàró. Ó fa dúrọ́ọ̀ ọwọ́ òsì jáde, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù dúró. Ó tì í padà, ó fa ti ọ̀tún. Ó dúró. Bó ti ń dán iṣẹ́ wò nìyẹn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n: ọ̀kan, kí ó tó kan èkejì. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ rọlẹ̀.

“Kò lè wó,” ó ní. “Àfi bí wọ́n bá gun orí rẹ̀.”

N kò mọ ohun tó sún mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo fa dúrọ́ọ̀ méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́bọ́ọ̀dù tẹ̀ síwájú bí arúgbó tó fẹ́ kí ènìyàn. Bàbá mi fi àyà gbà á.

“Ta ló ń fa dúrọ́ọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà?” ó béèrè, ohùn rẹ̀ gbẹ.

Oníbúrẹ́dì wò ó bíi pé ó béèrè ẹni tó ń mí.

“Bàbá, ẹ ò bí ìbejì rí ni. Kí n yọ ẹ̀wù fún ọ̀kan, kí èkejì máa wo ojú mi? Ọwọ́ kan sí ti ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ kan sí ti àbúrò, bí mo ti ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn. Bí àwọn náà ti rí mi ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Lónìí, ọ̀kan rọ̀ mọ́ tirẹ̀, èkejì rọ̀ mọ́ tirẹ̀.”

Ìyẹn ni a kò rò. Ìyá mẹ́sàn-án ni a kan kọ́bọ́ọ̀dù fún, ìlú ìbejì ni a ti bí èmi àti bàbá mi, síbẹ̀ a dán an wò bíi pé ọmọ kan ṣoṣo ló wà láyé.

N kò jẹun ní ọjọ́ náà. Mo sọ fún bàbá mi pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ó ní kí n dákẹ́, pé ẹni tó ya àwòrán kò gbá ìṣó. Mo tún sọ. Ó tún ní kí n dákẹ́. Ìtùnú ló fẹ́ fi ṣe, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń dùn mí pé kò jẹ́ kí n ru ẹ̀bi mi. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti yá ọmọlanke kan kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

“Ó ku mẹ́jọ,” ó ní. “À ń lọ kó wọn.”

“Bàbá, wọn ò ní í gbé iṣẹ́ fún yín mọ́.”

“Kí wọ́n má gbé e. Bí ẹsẹ̀ àga bá yẹ̀, tí àgbàlagbà fi ìdí gúnlẹ̀, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.”

Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú rẹ́rìn-ín ná. Wọn kò rí i rí kí oníṣọ̀nà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ pé, ẹ dá iṣẹ́ mi padà, kò dára. Èmi ń ti ọmọlanke, bàbá mi ń fà á níwájú.

“Bàbá Káfíńtà, ṣé ẹrù ìyàwó lẹ̀ ń kó padà ni?” ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn ọgbà.

“Ìyàwó kọ́,” bàbá mi dáhùn láì wẹ̀yìn. “Ọkọ ló bàjẹ́.”

Ìyá Ìbejì Aláṣọ kò fẹ́ gbé tirẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Èyí tí mo fi ń yangàn lójú orogún mi? Ẹ fẹ́ kí ó rò pé mo jẹ gbèsè ni?”

“Ẹ jẹ́ kí orogún yín wá, màá ṣàlàyé fún un fúnra mi.”

“Kí ẹ sọ fún un pé kọ́bọ́ọ̀dù mi ń wó? Háà, Bàbá! Ẹ kúkú sọ pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀dà kùn ún ni.”

Bàbá mi ní òun kò lè purọ́, ṣùgbọ́n bí òun bá tún un ṣe tán, òun yóò kùn ún lọ́dà lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yọ̀ǹda. Látìgbà náà ni gbogbo èyí tí a kó fi ní láti gba ọ̀dà.

Ohun tí èmi kọ́kọ́ dámọ̀ràn ni pé kí a fi igi kékeré kan sáàárín, tó jẹ́ pé bí dúrọ́ọ̀ kan bá ti ṣí, èkejì kò ní í lè ṣí. Mo ya àwòrán yẹn náà dáadáa. A ṣe é sí ti Aláṣọ, a sì gbé e padà fún un. Kò tó wákàtí kan tó fi ránṣẹ́ pè wá.

“Ẹ wá mú igi òfin yín kúrò. Ìwọ, aláàkọ̀wé, ìwọ lo ṣe é, àbí? Ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìlara. Ta ni màá ní kó dúró de ẹnìkejì rẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà.” Ojú tì mí gidigidi. Kì í ṣe nítorí pé ó bá mi wí, bí kò ṣe pé èyí ni ìgbà kejì tí mo máa gbàgbé ohun kan náà.

Bàbá mi ló rí ọ̀nà. Ó ní bí àwọn ìyá kò bá ní í yí ìṣe wọn padà, kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò yí ìdúró rẹ̀ padà. Ó gé ẹsẹ̀ tín-ín-rín kúrò, ó fi ẹsẹ̀ tuntun tó nà síwájú sí i, bí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sórí ẹní. Ó tún kan pákó igi apá tó wúwo mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀. Láti lè ṣe é, ó ní láti gbé kọ́bọ́ọ̀dù dùbúlẹ̀. Nígbà tó gbé e nàró, ó fa dúrọ́ọ̀ méjèèjì jáde, ó ní kí n fi gbogbo agbára mi rọ̀ mọ́ wọn. Mo rọ̀ mọ́ wọn títí ẹsẹ̀ mi fi kúrò nílẹ̀. Kò mì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí dúrọ́ọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

A tún mẹ́jọ ṣe, ti Oníbúrẹ́dì sì wà lára wọn. Ó ku ọ̀kan.

Ẹ̀yìn ìlú, lójú ọ̀nà oko, ni ẹni tó ni ìkẹsàn-án ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ń dáko ẹ̀gúsí, òun náà ń pa á, ó ń tà á. Bàbá mi mọ̀ọ́mọ̀ fi í ṣe ìkẹyìn ni. Ó sọ fún mi lójú ọ̀nà pé obìnrin náà bí obìnrin méjì, ṣùgbọ́n èéyi ti mú ọ̀kan lọ nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Mo rò ó nínú ara mi, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́ síbí, pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, ewu ti dín kù. Ọmọ kan kò ní í fa dúrọ́ọ̀ méjì.

Obìnrin náà gbà wá tọwọ́-tẹsẹ̀. Ó fún wa lómi. Bàbá mi ṣí fìlà, ó sọ ohun tó gbé wa wá, ó sọ ti apá tó ṣẹ́, kò fi nǹkan kan pamọ́. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ọmọbìnrin kékeré kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí èérún iṣu lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó wọ yàrá lọ. Aṣọ ìkélé nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, atẹ́gùn sì gbé e sókè, nítorí náà mo rí i. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó fa dúrọ́ọ̀ méjèèjì.

Mo fò dìde, mo sáré wọ yàrá. Mo di orí kọ́bọ́ọ̀dù mú kí ó tó tẹ̀. Ọmọ náà wò mí, ó mú ẹ̀wù kan láti inú dúrọ́ọ̀ kan, ó sì mú ọ̀kan láti inú èkejì. Àǹkárá kan náà ni, aláwọ̀ ewé. Èyí tó mú lọ́wọ́ ọ̀tún ti ṣí, ó ti rọ̀ nítorí fífọ̀. Èyí tó mú lọ́wọ́ òsì ṣì le, ìṣẹ́po tó wà lára rẹ̀ kò tíì tú.

Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́yìn mi.

“Bí mo bá rán fún èyí, mo ń rán fún èkejì rẹ̀,” ó ní. “Bí èyí bá ga, mo máa ń kó aṣọ àtijọ́ kúrò nínú dúrọ́ọ̀ ẹnìkejì rẹ̀, kí ti ẹnìkejì náà lè tó o. Mo ti kọ́ ọ pé kó má ṣí tirẹ̀ nìkan. Ó ti mọ̀ ọ́n.”

Bàbá mi rọra sọ pé ọ̀sán kan péré ni iṣẹ́ náà, pé òun kò ní í gbé e kúrò nílé bí kò bá fẹ́, pé inú yàrá náà gan-an ni òun yóò ti ṣe é.

“Ẹ ṣe é lórí ìdúró.”

“Kò ṣeé ṣe, ìyá mi. Mo ní láti tẹ́ ẹ sílẹ̀.”

“Ẹ máa tẹ́ ẹ sílẹ̀?”

“Fún ìgbà díẹ̀ ni.”

“Mo ti rí i tí wọ́n tẹ́ ọmọ mi sílẹ̀ rí, Bàbá. N kò ní í wò ó lẹ́ẹ̀kejì.”

Bàbá mi ní òun yóò kan tuntun fún un, èyí tó fẹ̀ nídìí, òun yóò gbé e wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Obìnrin náà mi orí.

“Ọmọ náà mọ ibi tí aṣọ rẹ̀ wà. Bí ẹ bá gbé òmíràn wá, ta ló máa júwe rẹ̀ fún un? Bó bá wá a tì, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹnìkejì rẹ̀ ńkọ́?”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti kàwé, mo lè ṣàlàyé fún un bí nǹkan ṣe ń wó àti ìdí tó fi ń wó, àní mo lè yà á lórí ìwé. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù kan náà ló ń ba àwa méjèèjì. Èmi ń bẹ̀rù pé kọ́bọ́ọ̀dù yóò pa ọmọ tó kù. Òun náà ń bẹ̀rù ikú ọmọ tó kù, ó sì dá a lójú pé kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló ń dá ọmọ náà dúró láyé. 

Ohun tó gbà ni pé kí a wá nǹkan wúwo sórí pákó ìsàlẹ̀. Bàbá mi gbé ọlọ tí wọn kò lò mọ́ síbẹ̀, ó sún un mọ́ ẹ̀yìn. Ó dán an wò. Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó fi ọwọ́ kan péré tẹ dúrọ́ọ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. A gbìyànjú láti fi ìṣó dè é mọ́ ògiri, ògiri amọ̀ ni, ìṣó náà bọ́ síta pẹ̀lú ẹrùpẹ̀. Obìnrin náà ṣèlérí pé òun yóò máa ṣọ́ ọmọ. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ń lọ sóko, ó ń lọ sọ́jà, aṣọ ìkélé kì í sì í ṣe ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ń ṣe bíi pé ẹ̀gúsí ni mo wá rà. Ẹ̀gúsí ti pọ̀ nílé wa ju ohun tí ọdún kan lè jẹ tán lọ. Bàbá mi mọ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wá àwo mìíràn fún un ni.

Ní àná, ọkọ obìnrin náà tẹ̀lé mi jáde. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í wo ojú ẹni tó bá ń bá sọ̀rọ̀.

“Ìyá wọn ń lọ sí ọjà Tápà lọ́túnla, kò ní í dé títí di ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ̀yin àti Bàbá wá. Màá kó àwọn aṣọ náà jáde fúnra mi, màá tò wọ́n padà bó ṣe tò wọ́n. Bó bá dé, ó ti ṣe tán. Màá ní èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é.”

“Tó bá béèrè bóyá ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ńkọ́, Bàbá Ìbejì?”

“Ìyẹn ni n kò tíì mọ̀,” ó ní.

Mo sọ fún bàbá mi. Mo rò pé yóò ní ká lọ tàbí ká má lọ, kí ọkàn mi sì balẹ̀. Ó ní òun yóò kó irinṣẹ́ òun bí mo bá ní ká lọ, òun yóò sì jókòó bí mo bá ní ká jókòó. Ó ní òun ti rò ó títí, pé ìyá ọmọ kò ṣeé fi agbára mú, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kò ṣeé fi ṣeré. Ní òwúrọ̀ yìí ni ìwé mi dé. Èrúwà ni wọ́n gbé mi lọ, mo sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn náà, kò ní í sí ẹni tí yóò máa ra ẹ̀gúsí lójoojúmọ́.

Bí a bá lọ, ọmọ náà lè rọ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀ rẹ̀ bó ti wù ú, ìyá rẹ̀ yóò sì padà wá bá ilé tí a ti tẹ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí a kò bá lọ, a ti bọ̀wọ̀ fún un, mo sì lè wà ní Èrúwà kí n gbọ́ pé aládùúgbò kan sáré wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo ti rò pé kí n jókòó tì í kí ó tó lọ sọ́jà, kí n sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ fún mi, ṣùgbọ́n ìyẹn yóò da ilé wọn rú. Mo ti rò pé kí n bẹ Ìyá Ìbejì Oníbúrẹ́dì kó bá mi lọ, nítorí ó lè gbọ́ lẹ́nu ìyá bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Oníbúrẹ́dì méjèèjì ló wà láàyè, n kò sì mọ̀ bóyá kì í ṣe ọgbẹ́ ni màá tún fi kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti bí ìbejì, tàbí tí ẹ ti sin ọ̀kan nínú wọn: bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ni kọ́bọ́ọ̀dù náà, kí ni ẹ̀ bá fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí a lọ lọ́la, àbí ọ̀rọ̀ kan wà tí mo lè bá a sọ tí n kò tíì mọ̀?